Kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ nínú HP Z420 tòkunbọ̀ mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Abẹ́òkúta ni mo wà, fídíò ìgbéyàwó ni mò ń yà, èmi náà ni mo sì ń tún un tò. Mo ra kọ̀ǹpútà HP Z420 kan ní Computer Village, Ìkẹjà. Processor Intel Xeon E5-1620 ló wà nínú rẹ̀, RAM 8GB (ẹyọ 4GB méjì), háàdì dísìkì 500GB, àti graphics card Quadro 600. Windows 10 ló ń lò. Bí mo bá ṣí Premiere Pro, sọ́fúwíà tí mo fi ń to fídíò, mo lè jáde lọ ra búrẹ́dì kí n sì padà wọlé kó tó ṣí tán. Fídíò 4K inú kámẹ́rà Sony mi ń tiro bí ẹni tó fẹsẹ̀ gún ìṣó. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n lọ ra processor E5-2697 v2 tó ní core 12, kí n sì ki RAM 64GB sí i, pé wàhálà tán. Ṣé kí n rà á? Owó ọwọ́ mi ò pọ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó. Processor tí wọ́n dárúkọ fún ọ yẹn kì í ṣe ọjà burúkú, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí Z420 tìrẹ má gbà á rárá. Wàá kì í bọ̀ ọ́, wàá tẹ páwà, fáànù á máa yí, ojú skríìnì á sì ṣókùnkùn biribiri. Bó bá tiẹ̀ wá gbà á, ohun tó ń jẹ ọ́ níyà kò sí lọ́wọ́ processor.

Ọdún 2012 ni HP gbé Z420 jáde pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, Z620 àti Z820. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún ọmọ iléèwé. Àwọn tó ń ya pláànù ilé, àwọn ẹnjinníà àti àwọn tó ń ṣe fíìmù ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwọn ọ́fíìsì òkè òkun lò ó títí, wọ́n kó o jáde nígbà tí tuntun dé, òun la wá ń rà ní Ìkẹjà. Ẹ̀rọ tó le ni. Ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wàá rí i pé o ò nílò screwdriver fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Ibi tó o bá ti rí ike aláwọ̀ ewé, ibẹ̀ ni kó o fà tàbí kó o tẹ̀.

Socket LGA 2011 (2011 yẹn kì í ṣe ọdún, orúkọ ibi tí processor ń jókòó sí ni) ló gbé processor rẹ̀, chipset Intel C602 ló ń darí ìyókù. Ihò RAM 8 ló ní, 4 lápá kan processor, 4 lápá kejì. DDR3 ni gbogbo wọn, 64GB sì ni HP fi ṣe òpin rẹ̀. Ihò PCIe Gen3 x16 méjì wà fún graphics card, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán. E5-1620 tìrẹ ní core 4, ìyẹn òṣìṣẹ́ mẹ́rin nínú ẹyọ processor kan, àti thread 8, 3.6 GHz ló fi ń sáré, ó lè dé 3.8 bí iṣẹ́ bá béèrè fún un. Fún fídíò 1080p, kò tíì di ẹni ìfẹ̀yìntì. Ohun kan tí kò ní ni Quick Sync, ohun èlò tí Intel fi ń tú fídíò sílẹ̀ kíákíá, torí Xeon irú èyí kò ní gíráfíìsì kankan nínú ara rẹ̀. Graphics card ló gbọ́dọ̀ bá a gbé ẹrù yẹn. A máa dé ibẹ̀.

Ṣe nǹkan kan fún mi lálẹ́ òní. Ṣí Premiere, gbé iṣẹ́ ìgbéyàwó kan sórí rẹ̀, kó o tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ kí Task Manager jáde. Lọ sí Performance, kó o máa wò ó bó o ṣe ń gé fídíò. Èmi ò sí níbẹ̀, àmọ́ mo mọ ohun tó o máa rí: Disk á wà ní 100%, Memory, ìyẹn RAM, á ti fẹ́ kan òrùlé, CPU á wá jókòó sísàlẹ̀ lọ́hùn-ún bí àlejò tí wọn ò tíì gbé oúnjẹ fún. Processor rẹ kò rẹ̀ ẹ́. Ó ń dúró ni. Adobe fúnra wọn, 8GB ni wọ́n kọ pé ó kéré jù tí Premiere lè fi jẹun. 16GB ni wọ́n ní kéèyàn lò fún HD, 32GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún 4K. Bí RAM bá kún, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù tó ṣẹ́ kù lọ sórí háàdì dísìkì, háàdì dísìkì yẹn kan náà tó ń sáré kiri láti ka fídíò rẹ. Ṣó o rí ibi tí búrẹ́dì tó ò ń lọ rà ti wọlé?

Bí mo ṣe máa ń ronú owó lórí ẹ̀rọ àgbà rèé. Ayálégbé ni ọ́ nínú Z420 yìí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, wàá kó jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tó o bá lè dì mẹ́rù lọ sílé tuntun, náwó sí i. Ohun tí o máa fi sílẹ̀ fún onílé, rà á ní pọ́ọ́kú tàbí kó o má rà á. SSD, ibi ìkópamọ́ tó yá ju háàdì dísìkì lọ, máa bá ọ lọ. Graphics card máa bá ọ lọ. RAM DDR3 ò ní bá ọ lọ, torí DDR4 àti DDR5 ni ilé tuntun ń lò. Processor LGA 2011 ò lè bá ọ dé ẹnu ọ̀nà.

Nítorí náà, SSD ni kó o kọ́kọ́ rà. Ẹyọ SATA 1TB, èyí pẹlẹbẹ oní 2.5 inch, bówó ò bá gbà á, 500GB. Windows àti Premiere á wà lórí rẹ̀, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ náà á wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ihò tó o máa ki wáyà rẹ̀ bọ̀ dáadáa. Ihò SATA pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù Z420, méjì péré ló sì ń sáré ní 6Gb/s, SATA 0 àti SATA 1. Ìyókù, 3Gb/s ni. SSD tó lè ka nǹkan bíi 550MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kò ní kọjá 300 bó o bá so ó mọ́ ihò tó lọ́ra. Mo ti ṣí Z420 tí wọ́n ki SSD tuntun bọ 3Gb/s, tí ẹ̀rọ DVD tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ wá jókòó sórí SATA 0, tó ń jayé orí rẹ̀.

Háàdì dísìkì 500GB yẹn, má jù ú nù, àmọ́ má fọkàn tán an. Fi sọ́fúwíà CrystalDiskInfo wo iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n kọ Power On Hours sí. Kó iṣẹ́ tó ti parí sórí rẹ̀, kó o sì ní ẹ̀dà kejì níbòmíràn. Kò sẹ́ni tó máa tún ìgbéyàwó ṣe torí pé háàdì dísìkì rẹ kú.

Wọ́n á sọ fún ọ pé NVMe, irú SSD mìíràn, ló yá jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n BIOS ẹ̀rọ yìí, ètò tó kọ́kọ́ ń jí bó o bá tẹ páwà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ Windows látorí NVMe. Ọgbọ́n wà tí wọ́n ń dá sí i, wọ́n máa ń fi ètò kan tó ń jẹ́ Clover sórí flash kékeré kan kó máa ṣílẹ̀kùn fún un. Mi ò ní fi irú rẹ̀ lé ẹni tó ní iṣẹ́ oníbàárà lọ́wọ́ láéláé: lọ́jọ́ tí flash yẹn bá bọ́ sọ nù, iṣẹ́ dúró. Bó bá wù ọ́ lọ́jọ́ iwájú, ki NVMe sórí káàdì kékeré tó ń wọ PCIe, kó o máa fi í gbé fídíò nìkan. Ìyẹn ò ní wàhálà.

RAM ló kàn, níbí sì ni wọ́n ti máa ń rẹ́ èèyàn jẹ lọ́jà. DDR3 ECC (RAM tó ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe) tí kì í ṣe registered ni HP kọ fún Z420. Registered ni wọ́n ń yọ lára server, òun ló kún ìgboro, òun ló pọ́ọ́kú jù, òun náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí ọ. Z620 ń lò ó, tìrẹ kọ́. Má wulẹ̀ bi ọlọ́jà léèrè, gba RAM náà lọ́wọ́ rẹ̀, kó o ka bébà funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Wàá rí nǹkan bíi “8GB 2Rx8 PC3-12800E”. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé 12800 yẹn gan-an lò ń wá. E ló jẹ́ tìrẹ. Bó bá jẹ́ R, dá a padà. R tó wà láàárín “2Rx8” kò kàn ọ́ o, nǹkan mìíràn ni ìyẹn ń sọ, lára méjèèjì ló máa ń wà. Ọmọ kan tí mò ń kọ́ níṣẹ́ dá RAM tó péye padà fún ọlọ́jà lẹ́ẹ̀mejì nítorí R yẹn, ọlọ́jà fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e.

Ẹyọ 8GB mẹ́rin ni kó o rà, kó o yọ 4GB méjì tó wà níbẹ̀ tà. Kí ló dé tí mo fi ní mẹ́rin? Ọ̀nà mẹ́rin ló wà láàárín processor yìí àti RAM. Ọ̀nà kan, bí RAM bá jẹ́ 1600, lè gbé 12.8GB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹyọ méjì tìrẹ báyìí, bí wọ́n bá tò ó dáadáa, 25.6 ni, ẹyọ mẹ́rin á sọ ọ́ di 51.2. Iṣẹ́ tí o ò sanwó processor tuntun fún nìyẹn. Àwòrán ihò tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ lò wà nínú ìdérí ẹ̀gbẹ́ kéèsì náà, tẹ̀ lé e, má ṣe tò ó bó ṣe wù ọ́. Ihò mẹ́rin yòókù á ṣófo, kò burú. Bí iṣẹ́ bá béèrè 64GB lọ́jọ́ kan, ìgbà yẹn ni kó o kún un.

Bó o bá tò ó tán tí ẹ̀rọ kọ̀ tí kò tan, tí iná páwà ń ṣẹ́jú pupa lẹ́ẹ̀márùn-ún, tó ń ké lẹ́ẹ̀márùn-ún, tó dákẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀, RAM ló ń pè ọ́. Yọ wọ́n, kó o tún wọn kì títí etí méjèèjì tó ń di RAM mú á fi dún kẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà, graphics card ni.

Graphics card yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ 4K rẹ. Quadro 600 jáde ní ìparí ọdún 2010 pẹ̀lú 1GB àti CUDA core 96, àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké inú káàdì. NVIDIA ti jáwọ́ lọ́rọ̀ ìran rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fermi tipẹ́tipẹ́, driver 390 (ètò tó ń jẹ́ kí Windows àti káàdì gbọ́ ara wọn) ni wọ́n bá a dé. Lọ sí File, Project Settings, General nínú Premiere, kó o wo ohun tí Renderer kọ. Mo fura pé “Software Only” ló wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé káàdì yẹn kàn ń fi àwòrán hàn lójú skríìnì lásán ni, kò dá sí iṣẹ́ fídíò rárá.

Kó o tó wá ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀, wo páwà páàkì. 400W tàbí 600W ni Z420 máa ń bá wá, ó wà lára bébà rẹ̀. Oní 600W ní wáyà 6-pin méjì tó ń lọ sára graphics card. Bí tìrẹ bá jẹ́ 400W, má gbé ojú sókè wo káàdì tó ń béèrè wáyà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun á bá ọ fi páwà páàkì mìíràn rọ́pò rẹ̀, bi í pé èwo. Ẹnu wáyà HP yìí yàtọ̀ sí ti ATX tó wà nígboro, kì í wọlé.

Káàdì tí mo máa ń fi sínú irú ẹ̀rọ yìí ni GTX 1650 oní 4GB. Ó jáde lọ́dún 2019, 75W ni agbára rẹ̀, ihò PCIe lásán sì tó o bọ́. Kíyè sí i pé àwọn kan lára GTX 1650 ní ẹnu wáyà lórí. Èyí tí kò ní lo fẹ́. Bówó bá gbé pẹ́ẹ́lí sí i, RTX 3050 oní 6GB, 70W ni, òun náà kò fẹ́ wáyà. Má ṣi í mú fún RTX 3050 oní 8GB, ìyẹn ń jẹ 130W. Wọ́n á polówó GTX 1060 fún ọ gan-an, torí ó ti dọ̀pọ̀. Káàdì dáadáa ni, 120W, ó máa ṣiṣẹ́ lórí páwà páàkì 600W. Ohun tó mú mi fà sẹ́yìn ni pé láti oṣù October 2025, NVIDIA kì í ṣe driver tuntun fún ìran rẹ̀ mọ́, àyàfi èyí tó jẹ mọ́ ààbò. O fẹ́ kó bá ọ délé tuntun, àbí o ò fẹ́?

Ká tó kúrò lórí káàdì, ayédèrú wà. Wọ́n máa ń mú káàdì ìran Fermi, ìran Quadro 600 rẹ yìí kan náà, wọ́n á yí orúkọ inú rẹ̀ padà sí ti tuntun, Windows á gbà wọ́n gbọ́. Fi sọ́fúwíà GPU-Z sórí flash dání lọ sọ́jà. Bó bá jẹ́ ayédèrú, ó máa ń kọ “[FAKE]” síwájú orúkọ rẹ̀. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kó o dán an wò níṣojú rẹ̀, kí i pé ó dàbọ̀.

Káàdì yìí á tú 4K rẹ bó bá jẹ́ 8-bit 4:2:0, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń kọ àwọ̀ sílẹ̀. Bí Sony rẹ bá ń gba fídíò ní 10-bit 4:2:2, GTX 1650 kò lè tú ìyẹn, RTX 3050 náà kò lè tú u. Ohun tó máa gbà ọ́ ni proxy, ọ̀fẹ́ sì ni: yan gbogbo fídíò náà nínú Premiere, tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún asin, Proxy, Create Proxies. Á ṣe ẹ̀dà kékeré fún ọ, ẹ̀dà kékeré ni wàá máa gé, èyí ńlá ni wàá fi jáde. Jẹ́ kó máa ṣe é lóru bó o ṣe ń sùn. Bẹ̀rẹ̀ lónìí, kódà kó o tó ra ohunkóhun.

Ó wá ku processor. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra E5-1650 v2 kan fún oníbàárà mi. Mo ti gbowó iṣẹ́, mo ti ṣe fọ́ńté. Mo yọ ti àtijọ́, mo nu ún, mo fi páàsìtì sí tuntun, mo ki í bọ̀ ọ́, mo tẹ páwà. Kò sí nǹkan kan. Mo gbé processor náà padà fún ẹni tó tà á, mo tiẹ̀ pariwo mọ́ ọn díẹ̀. Ó ki í bọ inú Z420 tirẹ̀, ó tan fòò. Ojú tì mí. Ọjọ́ kejì ni mo tó dá processor àtijọ́ padà sínú ẹ̀rọ oníbàárà, mo wọ BIOS, mo rí ọjọ́ kan tí mi ò kà sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀: Boot Block Date 12/28/2011.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé oríṣi bọ́ọ̀dù Z420 méjì ló wà. Èyí tí Boot Block rẹ̀ (apá BIOS tó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́) jẹ́ 12/28/2011 kò mọ Xeon v2, ìran kejì, rí, kò sì ní mọ̀ ọ́n láé. Èyí tó jẹ́ 03/06/2013 ń gba v1, ó ń gba v2. Bí àwọn Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọjọ́ ni, oṣù ló ṣáájú. O lè fi BIOS tuntun sí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, Boot Block kò ní yí, torí apá ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí àtúnṣe BIOS ń fọwọ́ kàn. Bó o ṣe máa wò ó nìyí: bí ẹ̀rọ bá ti ń tan, máa tẹ F10, wọ File, wọ System Information. Ó wà níbẹ̀.

Bí tìrẹ bá jẹ́ 2013, E5-1650 v2 ni mo máa rà, kì í ṣe 2697. Core 6, 3.5 GHz, ó ń gùn dé 3.9. 2697 v2 ní core 12 lóòótọ́, ṣùgbọ́n 2.7 GHz ló ti ń bẹ̀rẹ̀, 3.5 ló sì lè gùn dé. Bó o bá ń fa fídíò síwá sẹ́yìn lórí timeline, ẹlẹ́sẹ̀ yíyá díẹ̀ sàn fún ọ ju ogunlọ́gọ̀ tó ń rọra rìn. Fi BIOS tó tuntun jù sí i nígbà tí processor àtijọ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Bí tìrẹ bá jẹ́ 2011, E5-1650 lásán, tí kò ní v2 nídìí, ní core 6 ní 3.2 GHz. Tàbí kó o fi E5-1620 rẹ sílẹ̀ níbi tó wà. Mi ò ní bá ọ jà.

Bó o bá máa pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ, jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ díẹ̀ ná kí páàsìtì inú rẹ̀ rọ̀, kó o tó pa á, kó o sì yọ wáyà iná. Tú bóòtù fáànù náà díẹ̀díẹ̀, láti igun dé igun tó kọjú sí i, má tú ọ̀kan tán kó o tó kan òmíràn. Irin méjì ló di ìdérí socket mú, kì í ṣe ọ̀kan bíi ti kọ̀ǹpútà ilé. Abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ processor, ara bọ́ọ̀dù ni wọ́n wà. Gbé processor sókè tààrà, gbé tuntun sílẹ̀ tààrà. Abẹ́rẹ́ kan péré tó bá tẹ̀, bọ́ọ̀dù lo máa wá lọ sí Ìkẹjà.

Àléébù kan wà tí v2 kò lè wò sàn. Ìran Xeon méjèèjì yìí kò ní AVX2, àwọn àṣẹ ìṣirò kan tí processor ń lò, ìran Haswell ti Intel ló mú un wá lọ́dún 2013, àwọn sọ́fúwíà tuntun kan sì ti ń béèrè fún un báyìí. Kó o tó gba ẹ̀dà Premiere tuntun, ka ohun tí wọ́n kọ pé ó nílò. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ bá ń ṣiṣẹ́, fi í sílẹ̀. Nítorí AVX2 yìí ni mo fi máa ń sọ fún àwọn tí kò tíì rà pé kí wọ́n wá Z440, tó jáde lọ́dún 2014. Ó ń lo DDR4 àti Xeon v3 tàbí v4. Ìwọ ti rà ná, a ò ní torí ẹ̀ sunkún.

Windows 10, Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ gbogbogbòò rẹ̀ dúró ní October 14, 2025. Windows 11 kò ka ẹ̀rọ yìí mọ́ tirẹ̀, processor Intel ìran kẹjọ sókè àti TPM 2.0, ohun èlò ààbò inú kọ̀ǹpútà, ló ń béèrè. Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà, ọ̀pọ̀ ló ń gbà á. Èmi, ẹ̀rọ tí mo bá fi ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, mo máa ń jẹ́ kó jìnnà sí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ṣí báńkì lórí rẹ̀, mi ò gba flash oníflash. Ra bátìrì CR2032 kan náà sí i. Èyí tó wà níbẹ̀ lè ti kú, bí ọjọ́ kọ̀ǹpútà bá sì ti yí padà sẹ́yìn, àwọn ojú-ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì á kọ̀ láti ṣí, wàá máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná. Páwà páàkì rẹ̀ ń gba 100 sí 240V láìsí ohun tó o máa tẹ̀, nítorí náà bó bá ti Amẹ́ríkà dé, wáyà ẹnu rẹ̀ nìkan lo máa pààrọ̀. Ohun tó máa ń bá a jà ni ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kì í ṣe pure sine wave. Ẹ̀rọ á máa kùn, á máa pa ara rẹ̀, àwọn kan á ní RAM ni. Processor nìkan lè jẹ dé 130W, GTX 1650 lè jẹ 75W, kó o tó ka monitọ̀ àti ìyókù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, bó bá ń mí sókè sódò, má so ó mọ́ ọn tààrà. Fi UPS sáàárín.

Ra SSD lóṣù yìí, RAM tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà káàdì. Bó o bá ti ṣí kéèsì náà, ya fọ́tò bébà ara páwà páàkì, kó o sì ya ojú BIOS níbi tí Boot Block Date wà, kó o fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Ìgbà yẹn la ó tó mọ̀ bóyá a máa dárúkọ processor kankan.